Àtẹ́lẹwọ́ Mẹ́rin: Ọ̀rọ̀ Lórí Táyà àti Ẹsẹ̀ Ọkọ̀ Kékeré

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ gba àlọ́ kan: kí ni ó gbé ẹrù tọ́ọ̀nù kan lé àtẹ́lẹwọ́ mẹ́rin, tó tún ń sáré ju ẹṣin lọ? Mo ti gbọ́ ẹni tó dáhùn lẹ́yìn yẹn. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni.

Ẹ má rò pé mo ń bù mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ọkọ̀ kékeré kan wúwo tó kílò 1,200. Bí a bá pín in sí mẹ́rin, kílò 300 ló wà lórí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí afẹ́fẹ́ inú táyà bá jẹ́ 32 psi (psi ni òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn agbára afẹ́fẹ́ táyà), ibi tí rọ́bà ti fara kan ilẹ̀ kò ní ju nǹkan bíi 134 sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin lọ. Ẹ tẹ́ ọwọ́ yín sórí tábìlì kí ẹ wò ó. Bó ṣe tó nìyẹn. Bíréèkì tí ẹ ń tẹ̀, kọ́nà tí ẹ ń yà, eré tí ẹ ń sá nínú òjò, orí àtẹ́lẹwọ́ mẹ́rin yẹn ni gbogbo rẹ̀ wà.

Láti ọjọ́ tí mo ti ń tún ẹsẹ̀ ọkọ̀ kéékèèké ṣe, ìbéèrè kan náà làwọn èèyàn ń gbé wá: "Ọ̀gá, kí ni mo lè fi sí i tí yóò fi máa di ilẹ̀ mú dáadáa?" Ìdáhùn mi kì í sábà dùn mọ́ wọn nínú. Mo máa ń ní kí wọ́n fi owó wọn sápò ná. Ohun tí wọ́n ń wá yẹn, ọkọ̀ náà ní in lọ́jọ́ tó jáde nílé iṣẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ló ń jò dànù mọ́ wọn lọ́wọ́: afẹ́fẹ́ tó lọ sílẹ̀, rọ́bà tó ti gan, búṣìn (rọ́bà tó wà láàárín irin àti irin) tó ti jẹ, ṣọ́ọ̀kì (ọ̀pá olóró tó ń dá ọkọ̀ dúró kó má máa jó) tó ti kú tí ẹnikẹ́ni kò sì sin òkú rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gba ohun tó sọnù padà. Ìgbà tí ìyẹn bá pé la tó lè máa sọ̀rọ̀ àfikún.

Èmi náà kò kúkú gbọ́n bẹ́ẹ̀ láti ilé ọmọ. Ọkọ̀ tí mo kọ́kọ́ fi owó ara mi rà, táyà 195/65R15 ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Lójú mi, ńṣe ló dà bí àgbàlagbà tó wọ bàtà ọmọdé. Mo bá lọ ra rímù 17 pẹ̀lú táyà 205/40, pẹlẹbẹ bí àwo. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, gbogbo ibi tí gíláàsì ńlá bá wà ni mò ń gbé ọkọ̀ gbà kí n lè máa wo òjìji rẹ̀. N kò sì ní purọ́, ó yá lọ́wọ́: bí mo bá ti fi ìka kan sítíárìn, ó ti yà. Ṣùgbọ́n gbogbo òkúta tó wà lójú ọ̀nà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi egungun ẹ̀yìn kà. Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, mo bá kòtò kan pàdé tí omi ti bò mọ́lẹ̀. Gbàù! Nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀, etí rímù ti tẹ̀, ẹ̀gbẹ́ táyà sì ti wú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tí ṣegede mú.

Ẹni tó bá rí irú wíwú bẹ́ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà tirẹ̀, kó má wò ó níran. Àwọn okùn inú rẹ̀ ló ti já, rọ́bà nìkan ló kù tó ń dá afẹ́fẹ́ dúró. Kò sí ẹni tó lè lẹ̀ ẹ́. Ẹ yọ ọ́ kí ẹ fi òmíràn sí i.

Kí ni mo ṣe tí kò dáa? Mo ra nọ́ńbà tí n kò mọ̀ ọ́n kà. 195 yẹn ni ìbú táyà ní mìlímítà. 65 kì í ṣe mìlímítà rárá, ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ni: gíga ẹ̀gbẹ́ táyà jẹ́ ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún ìbú rẹ̀, ìyẹn 126.75 mìlímítà. R túmọ̀ sí pé àwọn okùn inú rẹ̀ la táyà kọjá tààrà láti etí kan dé etí kejì, irú èyí tí Michelin gbé jáde fún títà ní 1949, òun náà ló sì wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ kéékèèké lóde òní. 15 ni rímù, ní ínǹṣì. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kún rímù, gíga táyà láti ilẹ̀ dé òkè á jẹ́ 634.5 mìlímítà. Táyà 205/55R16 jẹ́ 631.9, wọn ò fi mìlímítà mẹ́ta ju ara wọn lọ, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí ọkọ̀ kan náà tí wọ́n ń ta pẹ̀lú èyí tàbí ìyẹn. Tèmi ńkọ́? 595.8. Ó fi bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin kúrú. Nígbà tí aago ọkọ̀ bá sọ fún mi pé 100 ni mò ń sá, 94 ni mò ń sá lóòótọ́. Ọkọ̀ mi di onírọ́ nítorí ẹwà.

Ohun tó máa ń tẹ̀lé nọ́ńbà wọ̀nyẹn, bí 91H, ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wò. 91 ni ẹrù tí táyà kan lè gbé, kílò 615. H ni eré tó lè fara dà, kìlómítà 210 láàárín wákàtí kan. Ẹ lè rà ju ohun tí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ kọ lọ. Ẹ má rà dín. Ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí ni ara òpó ilẹ̀kùn awakọ̀, lórí bébà pẹlẹbẹ kan tí ọ̀pọ̀ wa ti fi ìdọ̀tí bò.

Bí ọkàn yín bá ṣì ń fa rímù ńlá, n kò ní bá yín jà. Ẹ gòkè ínǹṣì kan péré, kí ẹ sì rí i pé gíga gbogbo táyà kò kúrò níbi tó wà. Ṣùgbọ́n ẹ fi ọwọ́ gbé rímù náà kí ẹ tó sanwó. Rímù tó wúwo dà bí bàtà irin lẹ́sẹ̀ eléré ìje, ṣọ́ọ̀kì ló máa jìyà rẹ̀ ní gbogbo ibi tí ọ̀nà bá ti rí gbágungbàgun. Èrò tèmi ni pé kí ẹni tó ń gbé ọkọ̀ kékeré lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́ dúró lórí ìwọ̀n tó bá ọkọ̀ wá, kó sì fi owó rímù ra rọ́bà tó jọjú. Rọ́bà gidi lórí 15 sàn ju gbàrọgùdù lórí 17 lọ.

Kí n tó wọlé síbí, mo rìn yí ká ibi tí ẹ gbé ọkọ̀ sí. Ẹ má bínú, àṣà iṣẹ́ ni. Mo rí ọkọ̀ pupa kan níbẹ̀. Ilà ojú táyà rẹ̀ ti iwájú lápá òsì ṣì jìn dáadáa lójú ẹni tó bá dúró lókèèrè. Mo bẹ̀rẹ̀, mo wá àwọn lẹ́tà DOT tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, mo sì wo nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn: 1614. Ọ̀sẹ̀ kẹrìndínlógún, ọdún 2014. Ọjọ́ ìbí rẹ̀ nìyẹn. Láti ọdún 2000 ni wọ́n ti ń kọ ọ́ báyẹn, ọ̀sẹ̀ síwájú, ọdún tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá rí nọ́ńbà mẹ́ta péré, táyà tí wọ́n ṣe ṣáájú ọdún 2000 ni, ẹ tètè sá fún un. Táyà ń darúgbó bó tilẹ̀ jókòó sójú kan. Oòrùn àti afẹ́fẹ́ ń mú kí rọ́bà gan, ó ń sán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀, kò sì ní lè wọ inú ojú ọ̀nà mọ́ bí rọ́bà tútù. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ sọ pé ọdún 6 ti tó kí èèyàn pààrọ̀ rẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ táyà mélòó kan fi ọdún 10 ṣe òpin pátápátá. Nítorí náà, bí ẹ bá lọ ra táyà tuntun, ẹ ka ọjọ́ ìbí rẹ̀ kí wọ́n tó fi sí rímù. "Tuntun" tó ti sun ọdún mẹ́rin nínú àká kì í ṣe tuntun.

Ní ti àlòkù, mo mọ̀ pé owó ló ń fà á. Bí kò bá sí bí ẹ ó ṣe ṣe é, ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ rí inú rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yìn nìkan. Táyà tí wọ́n ti wà nígbà tí kò sí afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀ á ti lọ̀ ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀ nínú, ẹ ó rí lẹ́búlẹ́bú rọ́bà àti àmì dúdú yíká. Ìyẹn kì í ṣe ọjà, ikú ni.

Táyà tuntun máa ń ní ilà tó jìn tó bíi mìlímítà 8. Nílẹ̀ Yúróòpù, òfin kò gbà kó lọ sísàlẹ̀ 1.6. Ẹ wo inú ilà náà, ẹ ó rí àwọn òkè kéékèèké tó dábùú. Bí ojú táyà bá ti bá wọn dọ́gba, ó ti parí. Èmi kì í dúró dìgbà yẹn. Bó bá ti ku mìlímítà 3 ni mo ti ń tọ́jú owó, torí ìlà yẹn ni ojú àgbàrá tí omi ń gbà sá kúrò lábẹ́ ọkọ̀.

Irú rọ́bà wo la fẹ́ rà? Èyí kò gba àríyànjiyàn púpọ̀. Bí ibi tí ẹ ń gbé bá ń tutù dé ìsàlẹ̀ 7°C fún oṣù púpọ̀, tí yìnyín sì ń bọ́, ẹ wá èyí tó ní àmì òkè olórí mẹ́ta pẹ̀lú àwòrán ẹyọ yìnyín kan nínú. Bí kì í bá ń tutù, irú rọ́bà bẹ́ẹ̀ á rọ̀ jù, á sì tètè jẹ. Àwọn tí wọ́n ń tà nílẹ̀ Yúróòpù ní bébà tó fi lẹ́tà A dé E hàn láti 2021. Lẹ́tà bó ṣe ń di ilẹ̀ tútù mú ni ojú mi kọ́kọ́ ń lọ, kí n tó wo ti epo. Lára àwọn ti Amẹ́ríkà, ẹ ó rí treadwear (bí táyà ṣe máa pẹ́ tó kó tó jẹ) àti traction (bó ṣe ń di ilẹ̀ tútù mú). Ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń fi treadwear fún ara rẹ̀, nítorí náà ẹ má fi 500 ti ẹnì kan wé 400 ti ẹlòmíràn. Traction tó jẹ́ AA tàbí A, ìyẹn ni kí ẹ wá. Táyà tó pẹ́ jù nílẹ̀ sábà máa ń jẹ́ èyí tó le, èyí tó le kì í sì í fẹ́ràn omi.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ tó máa ń dá ìjà sílẹ̀. Owó táyà méjì péré ló wà. Iwájú ni tàbí ẹ̀yìn? Gbogbo èèyàn ló máa ń pariwo iwájú, torí iwájú ló ń fa ọkọ̀ kékeré, iwájú náà ló ń yà. Ẹ̀yìn ni kí ẹ fi tuntun sí. Bí ẹsẹ̀ iwájú bá yọ̀, ọkọ̀ á máa lọ tààrà, ẹ ó mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ pé sítíárìn ti fúyẹ́, ẹ ó gbé ẹsẹ̀ sókè, á padà wá di ilẹ̀ mú. Bí ti ẹ̀yìn bá yọ̀, kí ẹ tó pe orí yín, ọkọ̀ ti yí padà, ibi tí ẹ ti ń bọ̀ ló kọjú sí. Kò sí bí awakọ̀ ṣe mọ̀ ọ́n wà tó tí ìyẹn kò ní bá a lójijì.

Ẹ jẹ́ kí n jókòó díẹ̀ sórí ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́, torí ohun tó kéré lówó jù lọ ni, òun náà la sì ń fojú dì jù. Nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ni èyí tí táyà lè gbà mọ, kì í ṣe èyí tí ọkọ̀ yín fẹ́. Èyí tí ọkọ̀ fẹ́ wà lára òpó ilẹ̀kùn yẹn. Òwúrọ̀, kí ọkọ̀ tó rìn, ni kí ẹ wọ̀n ọ́n, torí afẹ́fẹ́ ń wú bó bá gbóná: bíi 1 psi fún ìwọ̀n 5 tàbí 6 lórí òṣùwọ̀n Celsius.

Ní 1963, àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ NASA, ilé iṣẹ́ òfuurufú ìjọba Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń wo ẹsẹ̀ ọkọ̀ òfuurufú lórí pápá tí omi wà rí ohun kan: eré tí táyà fi máa gun orí omi kò kúrò lára agbára afẹ́fẹ́ inú rẹ̀. Bí a bá mú ìṣirò wọn wá síbí, táyà tí ojú rẹ̀ ti dán, tó ní 32 psi, á gun omi ní bíi kìlómítà 94 láàárín wákàtí kan. Bó bá ku 24 psi, bíi 82 ló ti máa gùn ún. Ẹ fi nọ́ńbà 24 yẹn sọ́kàn.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2000, Firestone pe táyà mílíọ̀nù 6.5 padà ní Amẹ́ríkà. Ojú wọn ló ń ṣí kúrò lára wọn lórí eré, púpọ̀ nínú wọn lẹ́sẹ̀ Ford Explorer, ọkọ̀ á sì ṣubú yí gbirigbiri. Àwọn tó kú lé ní igba. Firestone ní Ford ló ní kí wọ́n fa afẹ́fẹ́ tó kéré, 26 psi. Ford ní táyà ni kò dáa. Òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún yẹn ló bí iná aláwọ̀ ìyeyè tó ń tàn níwájú yín bí afẹ́fẹ́ bá lọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin náà gbà kí iná yẹn dákẹ́ títí afẹ́fẹ́ yóò fi fi ìdá mẹ́rin dín. Ìdá mẹ́rin 32 ni 8. Nígbà tí iná bá fi máa la ojú, 24 ló kù nínú táyà. Ẹ ra géèjì. Kò tóbi ju bíírò lọ.

Bí táyà bá ti dáa, ẹ wá wo ohun tó so ó mọ́ ọkọ̀. Ẹ tẹ igun ọkọ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹ sì fi sílẹ̀: ó yẹ kó dìde kó sì dúró. Bó bá ń jó lọ jó bọ̀, ṣọ́ọ̀kì ti lọ. Bó bá sì dúró, ìyẹn náà kò dá a láre pátápátá, ẹ ṣì wo ara rẹ̀ bóyá ó ń sun epo, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ra ojú táyà yíká, bóyá ó ń ga ó ń relẹ̀ bí ẹ̀yìn àgbọn. Bí ẹ bá ń gbọ́ kò-kò-kò lójú ọ̀nà gbágungbàgun, ó lè jẹ́ ìjápọ̀ ọ̀pá tó so ẹsẹ̀ ọ̀tún mọ́ ti òsì. Ìyẹn kò wọ́n. Bí ọkọ̀ bá ń yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì, búṣìn apá ìsàlẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Mo ti rí ẹni tó ra ṣọ́ọ̀kì àwọn eléré ìje sórí búṣìn tó ti ya. Ó padà wá lọ́sẹ̀ kejì pé ọkọ̀ náà burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Òótọ́ ló sọ.

Lẹ́yìn àtúnṣe yìí ni alàínmẹ́ǹtì, kì í ṣe ṣáájú. Èyí tó ń jẹ owó táyà jù nínú rẹ̀ ni bí táyà méjèèjì ṣe kọjú síra. Bí ẹsẹ̀ kan bá fi ìdajì digírì péré yà kúrò ní tààrà, ní gbogbo kìlómítà kan tí ẹ bá rìn, ńṣe lẹ ń fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ tó bíi mítà 8.7. Rọ́bà wo ló máa gba ìyẹn? Ọkọ̀ pupa tí mo sọ, mo ki ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀: etí inú táyà yẹn ti dán bí orí apárí, nígbà tí etí òde ṣì ń tan ojú jẹ. Ọjọ́ ogbó nìkan kọ́ ni ìyọnu rẹ̀.

Ó ku àfikún tí ẹ bá mi dúró dè. Nínú ọkọ̀ kékeré tí iwájú ń fà, nǹkan bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo wà níwájú. Ìdí nìyẹn tí imú rẹ̀ fi máa ń fẹ́ jáde nínú kọ́nà bí ẹ bá sáré wọ̀ ọ́. Bí a bá fi ọ̀pá tó nípọn díẹ̀ so àwọn ẹsẹ̀ ẹ̀yìn pọ̀, ẹ̀yìn á gbà lára iṣẹ́ iwájú, imú á sì gbọ́ràn. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yìí, a máa ń mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ kan náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn tó le pẹ̀lú táyà ẹ̀yìn tó ti dán nínú òjò, ẹ ti mọ ohun tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ní ti àwọn tó ń gé sípíríìnì kí ọkọ̀ lè balẹ̀, n kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀: ṣọ́ọ̀kì wọn á máa gbá ìsàlẹ̀, ẹsẹ̀ wọn á sì yà kúrò ní ìwọ̀n.

Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá náà ń kọ́gbọ́n. Ní 1997, àwọn oníwèé ìròyìn ọkọ̀ kan ní Sweden gbé Mercedes A-Class tuntun, ọkọ̀ kékeré tó ga, wọ́n yà á lójijì bí ẹni tó fẹ́ yẹra fún ẹranko lójú ọ̀nà. Ọkọ̀ náà ṣubú. Mercedes dá títà rẹ̀ dúró, wọ́n pààrọ̀ táyà, wọ́n tún ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe, wọ́n sì fi ESP, ẹ̀rọ tó ń fi bíréèkì mú ọkọ̀ kó má bàa yọ̀, sí gbogbo rẹ̀. Ẹ kíyè sí i: kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì.

Mo rí ọwọ́ tó nà. Màmá, ẹ béèrè. Ṣé naitirójìn sàn ju afẹ́fẹ́ lásán lọ? Màmá, afẹ́fẹ́ tí à ń mí yìí, ìdá 78 rẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún ni naitirójìn. Bí wọ́n bá fún yín lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ gbà á. Bí wọ́n bá ní kí ẹ sanwó, ẹ fi owó náà ra géèjì.

Bùrọ̀dá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ní táyà tuntun òun ń yọ̀. Ọjọ́ mélòó ló ti lò ó? Ọjọ́ méjì. Ohun tí wọ́n fi ń yọ táyà kúrò nínú ìkòkò tí wọ́n ti ń sè é ṣì wà lójú rẹ̀. Ẹ rọra wà á fún bíi kìlómítà 300. Kí ẹ sì tún nọ́ọ̀tì rẹ̀ wò pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń ka agbára, bí ẹ bá ti rin kìlómítà 80, torí rímù máa ń jókòó sílẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá dè é.

Ó tó báyìí fún inú ilé. Ẹni tó ni ọkọ̀ pupa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ì tíì lọ. Ẹ mú kọ́kọ́rọ́ dání, a ó gbé jáàkì sí i, kí gbogbo wa jọ wo etí inú táyà yẹn.